Àga Ẹ̀fẹ̀ Tí Bàbá Mi Kàn

Òórùn ewé èèpín tútù ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ìkórè, kí n tó gbọ́ agogo ilé ìjọsìn, kí n tó gbọ́ ohùn ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ara ewé náà le bí ahọ́n ológbò, òun sì ni bàbá mi fi ń dán igi nígbà tí sáńpépà kò tíì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn káfíńtà Ọ̀tà. Bí ó bá ti ń fi í ra igi, omi ewé á máa pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi apá, òórùn tó ń ti ibẹ̀ jáde a sì dà bíi ti ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá mi sí. Mo ti gbọ́ òórùn lọ́fínńdà oríṣiríṣi láyé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi ewé èèpín ra igi nítòsí mi lónìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni n ó tún dà lójú ẹsẹ̀.

Àga kan ṣoṣo ni bàbá mi máa ń dán ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àga oníbàárà. Àga ẹ̀fẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ á rántí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá sí níbẹ̀. Ìlú ẹ̀fẹ̀ ni Ọ̀tà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kí ìgbàgbọ́ tó dé, àwọn bàbá wa ní olóhùn iyọ̀ tí wọ́n fún láṣẹ láti dúró lójú agbo, kí ó fi orin àti ẹ̀rín sọ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè wí sójú ọlọ́rọ̀. Nígbà tí àwọn bàbá àgbà wa gba Jésù, wọ́n fi agbo náà sílẹ̀, wọn kò sì wẹ̀yìn wò. Síbẹ̀ nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Ẹni tó ń jura rẹ̀ lọ ń jura rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí yóò fi ẹ̀rín fà á sẹ́yìn. Bàbá Tíṣà ló wá nǹkan ṣe sí i. Òun ló ń kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, òun náà ló ń darí ìsìn nígbà tí àlùfáà kò bá wá, ọmọ olóhùn ẹ̀fẹ̀ sì ni òun fúnra rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ pé ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé Ìkórè, kí a gbé àga kan sí abẹ́ igi máńgòrò ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí a máa pe àwọn àgbà jókòó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó mọ̀ wọ́n dáadáa fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ ní gbangba.

Ó ní òfin, òfin náà kò sì pọ̀. Ẹni tí o kò bá jẹun nílé rẹ̀ rí, o kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ìdí nìyí tí gbogbo ẹni tó bá dìde fi ń bẹ̀rẹ̀ pé, "Mo ti jẹun nílé yín." Òótọ́ nìkan ni o lè sọ. Ẹni tó jókòó ní ẹ̀tọ́ sí èsì kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fèsì padà sí i. Bí ó bá bínú, yóò ra ọsàn fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó ga jù ni pé a kì í fi ohun tí ọwọ́ Ọlọ́run ṣe sí ènìyàn ṣe ẹ̀fẹ̀. Arọ, afọ́jú, ẹni tó ń retí ọmọ, a kì í fẹnu kan ọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ọmọ mi pè mí wá síwájú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbé ọkùnrin gbajúmọ̀ kan jókòó sórí àga ńlá aláwọ̀ wúrà, àwọn aláwàdà sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti bú u. Wọ́n bú ìmú rẹ̀, wọ́n bú ìyàwó tó kọ̀ ọ́, wọ́n bú ìyá tó bí i. Gbogbo ilé ń pariwo ẹ̀rín. Mo wo ojú ọkùnrin náà nígbà tó rò pé ẹ̀rọ ayàwòrán ti kúrò lára òun; kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ rárá. Mo bi ọmọ náà pé ṣé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti jẹun nílé rẹ̀ rí. Ó ní, "Màmá àgbà, wọ́n sanwó fún wọn ni o." Láti ọjọ́ náà ni òórùn ewé èèpín kò ti kúrò nímú mi.

Àwọn ará Ọ̀tà kò ka jíjókòó sórí àga ẹ̀fẹ̀ sí ìtìjú. Iyì ni. Ẹni tí a bá pè, a ti wò ó dáadáa ni, a mọ̀ ọ́n, a fẹ́ràn rẹ̀ débi pé a lè bá a ṣeré. Ìyá mi máa ń sọ pé, "Àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀," ọjọ́ àga ẹ̀fẹ̀ ni mo sì máa ń rí i pé òótọ́ ni, nítorí bí àgbà bá ti dìde lórí àga náà báyìí, gbogbo ọmọdé á so mọ́ agbádá rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò náà ń wá. Àfáà Sùnmọ́nù, aránṣọ tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa, ti jókòó síbẹ̀ nígbà méjì. Wọ́n ní ṣòkòtò tó bá rán fúnni, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń gbàdúrà nínú rẹ̀, nítorí bí o bá ti foríbalẹ̀ báyìí, ó ti ya.

Ohun kan tún wà nípa àga náà. Kò sí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ tí ara rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n á máa mì síhìn-ín, wọ́n á máa mì sọ́hùn-ún, wọ́n á tún agbádá ṣe, wọ́n á tún ìdí gbé. Àwọn kan ní gbòǹgbò máńgòrò ló fà á. Àwa ọmọdé ní ẹ̀rí ọkàn ni. Bàbá Tíṣà tilẹ̀ fi ṣe ìwàásù lẹ́ẹ̀kan: ó ní bí àga abẹ́ máńgòrò lásán bá lè mú àgbà gbọ̀n báyìí, báwo ni ọjọ́ ìdájọ́ yóò ti rí?

Bàbá mi ló kan àga náà, ọdún tí wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí ọjà, níbi tí òórùn irú àti ọ̀pẹ̀yìnbó tó pọ́n jù ti ń pàdé òórùn igi. Káfíńtà tó mọṣẹ́ ni. Àwọn oníbàárà ń ti Alápòtí àti Adó-Odò wá bá a, wọ́n á wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé oríta Ṣàngó, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣàngó nísinsìnyí pẹ̀lú ilé iṣẹ́ irin àti èéfín rẹ̀ kò lè mọ bí ó ti rí nígbà náà, oríta àti igbó, obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ, àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí o fi lè gbọ́ ọkọ̀ kí o tó rí i.

Akólòlò ni bàbá mi. Kólòlò rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀rọ̀ lè há sí i lọ́fun títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, tí iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ. Bí ó bá ń kọrin ní ìjọ, kò ní kólòlò kankan. Ohùn rẹ̀ a máa lọ tààrà bí igi tí a fá. Ṣùgbọ́n bí ìsìn bá parí tí a jáde síta, yóò pa ẹnu dé, yóò sì máa fi orí kí ènìyàn.

Àwọn ará ìjọ wa jẹ́ onínúure sí i, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó sín in jẹ. Bí ó bá ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á wo ilẹ̀ títí yóò fi parí, bí ẹni tó ń ṣọ́ra kí ó má bàa rí ìhòòhò àgbàlagbà. Mo rántí ọjọ́ ìsinmi kan tí Bàbá Tíṣà ń wàásù lórí sùúrù. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Àwọn àgbà sì wí pé, bó pẹ́ bó yá," ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sára bàbá mi lórí bẹ́ǹṣì kejì. Ó dákẹ́. Ó wúkọ́. Ó ní kí a kọ orin. Kò sí ọmọ ọdún márùn-ún kan nínú ìjọ náà tí kò mọ ìyókù òwe yẹn: akólòlò á pe baba. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pa òwe náà mọ́ ní gbogbo àdúgbò wa. Odidi ìjọ ló gbé e mì.

Nítorí náà wọn kò pè é sórí àga rí. Òfin ni pé a kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì rò ó pé kò sí bí a ó ti sọ̀rọ̀ bàbá mi tí a kò ní kan ẹnu rẹ̀. Inúure ni wọ́n fi fò ó dá. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi gbé àga náà lé orí lọ sí abẹ́ máńgòrò, tó gbé e kalẹ̀, tó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, tó sì lọ jókòó ní iwájú láàárín àwọn àgbà. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá Tíṣà bá ní, "Ta ló kàn?" bàbá mi á na ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á pe ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn náà á padà sílẹ̀.

N kò rí èyí nígbà náà. Ọmọdé kì í wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ìkórè, ní ọdún tí mo wà ní Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀, ìyá mi ní kí n lọ pe bàbá mi wá jẹ ẹ̀kọ kí ó tó tutù. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú ibẹ̀, ohùn tó dán, tó ń lọ geere. Mo rò pé oníbàárà ni. Mo yọjú. Bàbá mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ti sọ àga ẹ̀fẹ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó jókòó sórí rẹ̀, ó kọjú sí àwọn pákó tó fara ti ògiri bí ìjọ tó dìde dúró.

"Ẹ̀yin ará mi," ó ń wí, "ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi lọ́dún yìí. Gbogbo yín lẹ ti jókòó síbí yìí."

Kò kólòlò. Kò há níbì kankan. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí n kò gbọ́ dáadáa nítorí ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, bíi ti ọmọ tó fi nǹkan pamọ́. Mo fi ẹ̀yìn rìn padà. Mo sọ fún ìyá mi pé ó ń bọ̀.

Èsì ló ń kọ́. Ó ti ní èsì nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan.

Ó yẹ kí n sọ pé lọ́dọọdún, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ni Bàbá Tíṣà máa ń fún ní ààyè ìkẹyìn, kí òun náà pe àgbà kan tó bá jẹun nílé rẹ̀. Ọdún yẹn, èmi ló kàn, nítorí mo mọ ènìyàn sín jẹ. Mo ti sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ni n ó pè. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn mo lọ bá a níbi tó ti ń to iṣu ìkórè, mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti yí i padà, bàbá mi ni. Iṣu bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rán mi létí òfin. Mo ní, "Kì í ṣe ẹnu wọn ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀, sà. Ohun tó kù lára wọn pọ̀." Ó gbé iṣu náà padà sórí ìyókù. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ bi ìyá mi, bí ìyá mi bá gbà, òun náà gbà.

Ìyá mi ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Irin aṣọ ẹlẹ́yinná ni, ó sì ń lọ bùbá sányán bàbá mi. Mo sọ ohun tí mo rí àti ohun tí mo fẹ́ ṣe. Kò dáwọ́ dúró. Ó ní ọdún kẹsàn-án nìyí tí òun ń lọ aṣọ náà fún Ọjọ́ Ajé, ọdún kẹsàn-án nìyí tí òun ń ká a padà sínú àpótí pẹ̀lú ojú ìlọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀. Ó ti ń mọ̀ ọ́n láti ọdún kìíní, kò kàn ní ìgboyà ni. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí o bá dójú tì í, n kò ní lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́. Ìwọ náà kò ní lè lẹ̀ ẹ́." Ó tún gbé irin. Kò sọ pé kí n má ṣe é.

Mi ò jẹun dáadáa títí di Ọjọ́ Ajé. Mo gbàdúrà ní ọjọ́ Ìkórè débi pé n kò gbọ́ ìwàásù.

Ọ̀sán náà mọ́ rekete. A ti gbá ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò tán, bàbá mi ti gbé àga kalẹ̀, ó ti jókòó níwájú nínú bùbá sányán rẹ̀. Alàgbà Dáwódù, olówó obì, ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Bí ó ti jókòó ló ti ń mì. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin dìde sí i.

"Alàgbà, mo ti jẹun nílé yín," ó wí. "Ọbẹ̀ yín dùn. Àdúrà tó ṣáájú rẹ̀ ló gùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ádámù. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Nóà, ẹ̀bà ti tutù. Nígbà tí ẹ dé ọ̀dọ̀ Mósè, adìẹ yín wọlé, ó ṣá ẹ̀bà náà jẹ. Ẹ sì ní kí n ṣe àmín."

Àwọn ènìyàn dì mọ́ra wọn. Alàgbà dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó tún ìdí gbé, ó ní, "Mo ti jẹun nílé tìrẹ náà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ àdúrà gígùn."

Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn. Wọ́n pe àwọn mẹ́ta mìíràn. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá Tíṣà bá bèèrè ẹni tó kàn, mo wo ẹ̀yìn bàbá mi, mo sì rí i bí ó ti ń nà, bí ó ti ń padà. Nígbà tó kù èmi nìkan, Bàbá Tíṣà pe orúkọ mi, ó sì wo ilẹ̀. Mo dìde.

Mo ní, "Bàbá Káfíńtà ni mo pè."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Bàbá mi kò tètè dìde. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo pákó bóyá ó tọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn eruku ara sányán rẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

"Bàbá mi, mo ti jẹun nílé yín," mo wí, ẹnìkan sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ máa ń wọ̀n ọ́n ná." Mo di ojú kan, mo fi èkejì wo iṣu tí kò sí lọ́wọ́ mi láti òkè dé ilẹ̀, bí ó ti máa ń wò ó, mo yí i, mo tún wò ó, mo sì mi orí pé ó wọ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo fi pẹ́ńsùlù sí etí, mo rìn bí ó ti ń rìn wọ ilé ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ, tó kọ́kọ́ kí ilẹ̀kùn kí ó tó kí ìyá ọmọ, tó fọwọ́ pa igi ilẹ̀kùn náà tó sì káàánú. Àwọn àgbà dara pọ̀.

"Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n ti bá ìyá mi jà," mo wí, "ẹ wá ka àpótí ìjókòó ilé wa. Bí wọ́n bá ti ṣẹ̀ ẹ́, wọn á wọ ilé iṣẹ́, wọn á kan àpótí kan wá fi bẹ̀ ẹ́. A kò ju mẹ́fà lọ nílé. Àpótí jẹ́ mẹ́rìndínlógún."

Ìyá mi fi gèlè bojú. Mo tẹ̀síwájú. "Nígbà tí Bàbá Tíṣà bá ní kí a di ojú, bàbá mi nìkan ni kì í di ojú. Kì í ṣe àwọn ló kan àjà ilé ìjọsìn wa, òun ni wọ́n ń ṣọ́. Gbogbo yín ń gbàdúrà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì àti fún òjò. Bàbá mi ń gbàdúrà fún ìṣó."

Ẹ̀rín náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń lọ sí ọjà fi yà wọlé. Mo ti sín gbogbo ara rẹ̀ jẹ tán, ojú, ẹsẹ̀, ọwọ́, n kò sì fọwọ́ kan ohùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láti parí. Ó wá ku èsì.

Bàbá mi ṣí ẹnu. "Ẹ," ó wí. "Ẹ, ẹ, ẹ." Ó há. Ọ̀rọ̀ tó ti ń bá pákó sọ geere, kò jáde. Ó di ojú, ó tún gbìyànjú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, àga sì ń mì lábẹ́ rẹ̀. Mo wo àyíká. Bí ọkà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lù, gbogbo orí ti tẹ̀. Alàgbà Dáwódù ń wo bàtà rẹ̀. Àfáà Sùnmọ́nù ń fa tẹ̀sùbáà. Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ ọjọ́ ìwàásù yẹn gan-an, mo sì mọ̀ pé orin ló kàn, pé wọn á kọrin bo bàbá mi mọ́lẹ̀, pé ìyá mi á ká bùbá náà padà sínú àpótí, kò sì ní lọ̀ ọ́ mọ́ láéláé.

N kò rò ó kí n tó sọ ọ́. Mo wà lórí eékún mi. Mo ní, "Bó pẹ́ bó yá."

Mo dákẹ́ níbi tí Bàbá Tíṣà ti dákẹ́ lọ́jọ́sí. Mo gbọ́ bí ìyá mi ti mí kanlẹ̀. Bàbá mi dẹ́kun ìjàkadì rẹ̀. Ó la ojú, ó wò mí, ìrísí tó wà lójú rẹ̀ nígbà náà ni mo fẹ́ tún rí lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú.

"A-a-akólòlò," ó wí, "á p-pe ba-ba-baba."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ni bàbá mi bá yíjú sí Bàbá Tíṣà. "Tíṣà," ó wí, "ọ-ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti ń retí ìyókù ìwàásù yẹn."

Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó di igi máńgòrò mú, ó ń fi ọwọ́ lu èèpo rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyókù wá bí òjò orí páànù. Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, bàbá mi dìde, ó ki ọwọ́ sínú àpò, ó mú èérún igi pẹlẹbẹ kan jáde, kò fẹ̀ ju èékánná lọ, ó fi hàn yíká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga náà lápá òsì. Ó tún jókòó. Ó mi ara sọ́tùn-ún, ó mi ara sósì. Àga kò mì.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé wọn. Alàgbà Dáwódù ló dìde, tó na ìka. "Káfíńtà, ìwọ lo ń mì wá láti ọjọ́ yìí?"

"Ọ-ọdún mẹ́sàn-án," bàbá mi wí. "Mo gé ẹsẹ̀ kan k-kúrú kí àgbà má bàa fìdí múlẹ̀ jù. Mo ń dúró k-kí ẹ pè mí, kí n lè sọ fún yín."

Ó kólòlò nínú gbogbo rẹ̀. Mo wo àyíká. Kò sí ẹni kan ṣoṣo tó wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń bá a ṣeré lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin ọjà á ní, "Bàbá Káfíńtà, ṣé ẹ ti pe baba?" òun náà á sì dúró fèsì, bí ó ti wù kí èsì náà pẹ́ tó, wọ́n á sì dúró gbọ́ ọ. Kólòlò rẹ̀ kò lọ. Ìdánìkanwà rẹ̀ ló lọ.

Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n rán àlùfáà tuntun sí wa. Ènìyàn rere ni, ó sì kọ́ mi ní Bíbélì débi tí mo fi di olùkọ́. Ó ní ọgbà ilé Ọlọ́run kì í ṣe ibi ẹ̀fẹ̀. Bàbá Tíṣà tẹrí ba. Bàbá mi gbé àga náà relé, òun ló sì jókòó kẹ́yìn. Bí mo bá rántí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù nígbà tí mo kúnlẹ̀ níbi iṣu, mo máa ń dúpẹ́.

Bàbá mi ti sùn tipẹ́. Ìyá mi, Bàbá Tíṣà, Àfáà Sùnmọ́nù, gbogbo wọn ti lọ. Ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pọ̀lọpọ̀ yàrá ló wà ní àyè máńgòrò náà. Èmi ń gbé ní Ṣàngó lọ́dọ̀ ọmọ mi, níbi tí ọkọ̀ kì í dákẹ́. Nígbà tí mo pé ọgọ́rin ọdún, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ fún mi ní ìjọ. Ènìyàn mọ́kànlá dìde, wọ́n ka ìyìn láti inú ìwé: ìyá rere, olùkọ́ àtàtà, abiyamọ tòótọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà pẹ̀lú ọpẹ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó níwájú nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀ fún mi, mo sì ṣàkíyèsí pé bí ẹnìkan bá ti ń dìde, ẹ̀yìn mi ń nà díẹ̀. Mo ń retí ẹni tí yóò sọ pé mo máa ń fi iyọ̀ púpọ̀ jù sọ́bẹ̀, pé mo ń tún gírámà ènìyàn ṣe níbi òkú, pé mo ń dìbọ́n pé mo ń sùn kí n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Kò sí. Àwọn tó lè sọ ọ́ ti lọ. Àwọn tó kù ń bọ̀wọ̀ fún mi, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà gbọ́n jù mí lọ. Ó rí ẹni tó ń dúró, ó sì pè é. Èmi ti dàgbà, èmi ló wá ń dúró báyìí.

Àga náà wà ní yàrá mi. Láti ọjọ́ yẹn ni èérún igi bàbá mi ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀; mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí ó má bàa sọnù. Ní àná mo ní kí wọ́n gbé àga náà wá sí pálọ̀. Mo fi ọ̀bẹ ṣí èérún igi náà, mo dì í mú sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì jókòó. Àga náà mì. Mo jẹ́ kí ó mì síhìn-ín, mo jẹ́ kí ó mì sọ́hùn-ún. Ọmọ ọmọ mi tó kéré jù gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Ó ti jẹun nílé mi. Mo ń dúró kí ó ṣí ẹnu.